Kramnik–Topalov, Elista 2006: rápíìdì kẹrin, àti rúùkù tó lọ jẹ pọ́ọ̀nù c5

Onílé64

Ẹ kú àsìkò o, ẹ̀yin àgbà orí ọpọ́n. Eré ṣẹ́ẹ̀sì (chess) kan ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀: Vladimir Kramnik àti Veselin Topalov, 13 oṣù Kẹwàá 2006, ní Elista, olú ìlú Kalmykia ní Rọ́ṣíà. Láti 1993 ni oyè àgbáyé ti pín sí méjì. Àwọn méjèèjì yìí ta eré 12 láti so ó pọ̀, ó parí sí 6–6 (ìkarùn-ún nínú rẹ̀ ni wọn ò tiẹ̀ ta, ìjà lórí ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n fi gba máàkì lọ́wọ́ Kramnik, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn). Ni wọ́n bá ta rápíìdì (eré tí aago rẹ̀ kúrú) mẹ́rin, ìṣẹ́jú 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí aago ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 kún un fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkíní jẹ́ ọ̀mì, Kramnik mú ìkejì, Topalov mú ìkẹta. Ìkẹrin rèé, Kramnik ló ní funfun (K ni ọba, Q ayaba, R rúùkù, B bíṣọ́ọ̀bù, N ẹṣin, èyí tí kò ní lẹ́tà ńlá ni pọ́ọ̀nù; x ni jíjẹ, + ni ṣẹ́ẹ̀kì, 0-0 ni fífi ọba pamọ́, =Q ni pọ́ọ̀nù tó di ayaba; nọ́ńbà tí àmì ... tẹ̀lé, ìgbésẹ̀ Dúdú ni):

1.d4 d5 2.c4 c6 3.Nf3 Nf6 4.Nc3 e6 5.e3 Nbd7 6.Bd3 dxc4 7.Bxc4 b5 8.Be2 Bb7 9.0-0 Be7 10.e4 b4 11.e5 bxc3 12.exf6 Bxf6 13.bxc3 c5 14.dxc5 Nxc5 15.Bb5+ Kf8 16.Qxd8+ Rxd8 17.Ba3 Rc8 18.Nd4 Be7 19.Rfd1 a6 20.Bf1 Na4 21.Rab1 Be4 22.Rb3 Bxa3 23.Rxa3 Nc5 24.Nb3 Ke7 25.Rd4 Bg6 26.c4 Rc6 27.Nxc5 Rxc5 28.Rxa6 Rb8 29.Rd1 Rb2 30.Ra7+ Kf6 31.Ra1 Rf5 32.f3 Re5 33.Ra3 Rc2 34.Rb3 Ra5 35.a4 Ke7 36.Rb5 Ra7 37.a5 Kd6 38.a6 Kc7 39.c5 Rc3 40.Raa5 Rc1 41.Rb3 Kc6 42.Rb6+ Kc7 43.Kf2 Rc2+ 44.Ke3 Rxc5 45.Rb7+, Topalov juwọ́ sílẹ̀.

Àmì ìbéèrè méjì, ìyẹn àmì àṣìṣe ńlá, ni wọ́n máa ń fi sí 44...Rxc5. Kí gan-an ni Topalov rí tó fi jẹ ẹ́? Àti pé, ṣé irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí yẹ ẹni tó ń lọ ta ìdíje rápíìdì lópin ọ̀sẹ̀?

Ẹṣin_f3

Ká gbé ọpọ́n kalẹ̀ ná. Lẹ́yìn 44.Ke3:

Funfun: ọba e3, rúùkù a5 àti b6, bíṣọ́ọ̀bù f1, pọ́ọ̀nù a6, c5, f3, g2, h2.
Dúdú: ọba c7, rúùkù a7 àti c2, bíṣọ́ọ̀bù g6, pọ́ọ̀nù e6, f7, g7, h7.

Pọ́ọ̀nù márùn-ún sí mẹ́rin. Ẹ wá wo ẹni tó ń ṣọ́ ẹni. Rúùkù a5 ló ń ṣọ́ pọ́ọ̀nù c5, pọ́ọ̀nù c5 ló ń ṣọ́ rúùkù b6, rúùkù b6 sì jókòó sẹ́nu ọba Dúdú. Tí Dúdú bá jẹ c5, rúùkù b6 kò ní alábàárò mọ́. Ìṣirò Dúdú nìyí: 44...Rxc5 45.Rxc5+ Kxb6, ọba tún dojú kọ rúùkù c5, ó gbọ́dọ̀ sá. Rúùkù kan sí kan, pọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́rin, rúùkù a7 sì ń di a6 lọ́wọ́. Ìṣirò yẹn pé. Irọ́ kankan ò sí nínú rẹ̀.

Ohun tó fò ó ni pé kò sí òfin tó ní kí Funfun jẹ rúùkù c5 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. 45.Rb7+! Ọba kò lè jẹ rúùkù yìí, pọ́ọ̀nù a6 ń ṣọ́ ọ. Tí 45...Rxb7, ìgbà yẹn ni 46.Rxc5+ wá dé, ṣẹ́ẹ̀kì ni, Dúdú ò ráyè ṣe nǹkan mìíràn. 46...Kb6 47.axb7, tí ọba bá jẹ rúùkù c5, 48.b8=Q. Tí ọba bá gba ibòmíràn lọ ní 46, rúùkù kan ti lọ náà nìyẹn.

Ẹ má ṣe ka ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn kọjá o. Ẹni tó bá sáré ta 46.axb7?? ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: 46...Rxa5! 47.b8=Q+ Kxb8, Funfun ló wá jìn rúùkù kan. Rxc5+ ni àkọ́kọ́, axb7 ni ìkejì. Tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 15 lórí aago, ibí yìí gan-an ni ọwọ́ ti ń ṣáájú ojú.

Onílé64

Á à. Mo ti rí i. Ṣẹ́ẹ̀kì tó kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó jẹ padà. Tó bá jẹ́ 45...Kc8 ńkọ́? Tàbí 45...Kd6?

Ẹṣin_f3

45...Kd6 46.Rxc5, tó bá jẹ́ Kxc5, 47.Rxa7. Tó bá jẹ́ 46...Rxb7, 47.axb7 Kxc5 48.b8=Q. Ní 45...Kc8, 46.Rxc5+, ọba ò sì tún lè jẹ b7 torí a6 kan náà. Pọ́ọ̀nù a6 yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́.

Bàbá Ọpọ́n

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbójú lé ìgbésẹ̀ 44 jù. Ibi tí eré yìí ti wọ́ ni ìgbésẹ̀ 15.

15.Bb5+, Dúdú dáhùn Kf8, ó sì pàdánù ẹ̀tọ́ àtifi ọba pamọ́. Ní ìgbésẹ̀ 16 àwọn ayaba jẹ ara wọn, ẹni tó ń wòran á ní ewu ti kúrò lórí ọba. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n rúùkù h8 ńkọ́? Ẹ kà á lórí àkọsílẹ̀ yẹn: rúùkù h8 kò kúrò lójú kan títí di 28...Rb8. Ìgbésẹ̀ 27 ni Dúdú fi rúùkù kan ṣoṣo bá rúùkù méjì jà.

Ẹ wo 17.Ba3. Ọ̀nà tó dábùú ọpọ́n láti a3: b4, c5, d6, e7, f8. Ẹṣin Dúdú wà ní c5, ọba rẹ̀ wà ní f8, nítorí náà ẹṣin ti dè mọ́lẹ̀. 17...Rc8 láti ṣọ́ ọ. Ni Kramnik bá gbé ẹṣin sí d4, níwájú bíṣọ́ọ̀bù f6 gan-an. Dúdú ò lè jẹ ẹ́: 18...Bxd4 19.cxd4, pọ́ọ̀nù wá ń kọlu ẹṣin tí kò lè rìn. Tí ọba bá sá lọ g8, 20.dxc5. Kò lè padà sí e8, bíṣọ́ọ̀bù b5 ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí 18...Be7 fi di dandan, tí Funfun sì fi ráyè fi Rfd1 gba ọ̀nà d.

Ọ̀rọ̀ pọ́ọ̀nù a6 wá kù. 19...a6 lé bíṣọ́ọ̀bù lọ f1, ó dára lójú. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀nù b ti lọ láti ìgbésẹ̀ 11, kò sí pọ́ọ̀nù kankan tó lè ṣọ́ a6 mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù b7 ló ń ṣọ́ ọ. Ní 21...Be4, ó gbé aṣọ́nà yẹn kúrò. Ẹṣin bọ́ sí c5 ní 23, òun náà ń ṣọ́ a6. Kramnik fi 24.Nb3 dojú kọ ẹṣin yẹn. Ní 26...Rc6, rúùkù kan ń ṣọ́ a6, ó tún ń ṣọ́ c5. Iṣẹ́ méjì fún ẹnì kan: 27.Nxc5 Rxc5 28.Rxa6. Pọ́ọ̀nù lọ.

Láti ibẹ̀ lọ, Funfun ò ṣe ju pé kó máa rọra ti pọ́ọ̀nù a àti c síwájú. Ìgbésẹ̀ 44 kàn jẹ́ ibi tí okùn ti já ni.

ÌyáAyò

Bàbá, ẹ kú ìtúpalẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí rúùkù h8, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé eré ti parí kí 44 tó dé. Pọ́ọ̀nù kan ni Funfun fi ju Dúdú lọ, rúùkù méjì-méjì wà nílẹ̀, pọ́ọ̀nù a6 sì wà lẹ́nu rúùkù a7 tó dènà rẹ̀. Ẹni tó bá ta irú èyí rí mọ̀ pé kò rọrùn láti parí.

Ohun tó lé Topalov síbẹ̀, lójú tèmi, ni ọba Funfun. Ó kúrò ní g1 ní 43, ó gba f2, ó dé e3. Ìgbésẹ̀ kan sí i, Kd4, pọ́ọ̀nù c5 á ti ní aṣọ́nà méjì. Nítorí náà, lójú Dúdú, bí a kò bá jẹ c5 nísinsìnyí, a kò ní rí i jẹ mọ́. Èrò "ìsinsìnyí tàbí rárá" yẹn ló ń ba rápíìdì jẹ́ ju àìmọ ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó lè ta 44...e5, kó fi gba ilé d4 lọ́wọ́ ọba. Ó lè kàn dúró, 44...f6. Mi ò sọ pé ara á rọ̀ ọ́ o, mo ní eré á ṣì máa lọ.

Bàbá Ọpọ́n

ÌyáAyò, mo gba ti Kd4 yẹn, ó mọ́gbọ́n wá. Lórí pé eré ò tíì parí, ká fi síbẹ̀. Ẹni tó fara da ìyà láti ìgbésẹ̀ 17 dé 44 lórí aago ìṣẹ́jú 25, ojú rẹ̀ á ti rẹ̀.

Pọ́ọ̀nù_Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí Kramnik fi bíṣọ́ọ̀bù sí e2 ní ìgbésẹ̀ 8? Nínú ìwé tí mo ní, d3 ni wọ́n máa ń padà sí. Àti pé mo ní ìdíje 15+10 (ìṣẹ́jú 15, àfikún ìṣẹ́jú-àáyá 10 fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan) lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé kí n kọ́ èyí?

ÌyáAyò

Àbúrò, ìbẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Meran, ẹ̀ka kan lábẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Semi-Slav. Ìlú Meran ní Ítálì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, níbi tí Rubinstein ti fi kojú Grünfeld ní 1924. Òótọ́ ni, 8.Bd3 ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà. Ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù tó bá wà ní d3 ń dí ayaba d1 lójú, kò ní lè ṣọ́ pọ́ọ̀nù d4. Ní e2, ọ̀nà d ṣí sílẹ̀. Ẹ rí i ní ìgbésẹ̀ 14 sí 16: lẹ́yìn dxc5 Nxc5, ayaba Funfun ti ń wo d8 tààrà, ìyẹn ló jẹ́ kí Bb5+ àti Qxd8+ tẹ̀lé ara wọn.

Ní ti ìdíje rẹ: rárá, má kọ́ Meran lọ́sẹ̀ kan. Láti ìgbésẹ̀ 10 sí 13, pọ́ọ̀nù méjèèjì ń sáré jẹ ẹṣin ara wọn (10.e4 b4 11.e5 bxc3 12.exf6). Tí o bá gbàgbé ìtòlẹ́sẹẹsẹ níbẹ̀, ẹṣin kan lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà á sì ti lọ níbi tí o ti ń rántí.

Tí d4 bá jẹ́ tìrẹ, mú Queen's Gambit onípààrọ̀: 1.d4 d5 2.c4 e6 3.Nc3 Nf6 4.cxd5 exd5 5.Bg5 Be7 6.e3 c6 7.Bd3 Nbd7 8.Qc2 0-0 9.Nf3 Re8 10.0-0 Nf8. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá yìí kò yẹ kó gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, torí ètò ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ìrántí. Ètò náà: Rab1, b4, lẹ́yìn náà b5, kí o jẹ c6. Tí Dúdú bá fi pọ́ọ̀nù b jẹ padà, pọ́ọ̀nù c6 rẹ̀ á dá wà lójú ọ̀nà c, rúùkù rẹ á máa fojú sí i títí eré á fi parí. Tí Dúdú bá ta ...a5 láti dá b4 dúró, fi a3 sí i, kí o tún ta b4. Pọ́ọ̀nù a méjèèjì á jẹ ara wọn, b5 á ṣì máa bọ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: àwọn ènìyàn á gbàgbé pé ẹṣin Dúdú ń lọ e4. Bó bá dé e4, má ṣe máa ti b4 b5 bí ẹni pé kò sí nǹkan. Wò ó bóyá o lè fi bíṣọ́ọ̀bù d3 jẹ ẹ́, tàbí pààrọ̀ bíṣọ́ọ̀bù g5 ná.

Ẹṣin_f3

Kí n fi ọ̀kan kún un fún Pọ́ọ̀nù_Kékeré, torí ó máa ń mú èrò ní gbogbo ìdíje. Tó bá jẹ́ pé 4.Bg5 lo ta kí o tó pààrọ̀, tí Dúdú sì dáhùn 4...Nbd7, o lè rò pé lẹ́yìn 5.cxd5 exd5, pọ́ọ̀nù d5 jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí bíṣọ́ọ̀bù g5 ti de ẹṣin f6 mọ́ ayaba. 6.Nxd5?? Nxd5! Ẹṣin tó dè náà kàn jẹ ẹ́. 7.Bxd8 Bb4+, ohun kan ṣoṣo tó lè dí ṣẹ́ẹ̀kì yẹn ni 8.Qd2. 8...Bxd2+ 9.Kxd2 Kxd8, Dúdú ti fi ẹṣin kan jù ọ́.

Bí o bá sì wà níhà Dúdú, má ṣe máa fi ...b5 di pọ́ọ̀nù c4 mú lẹ́yìn 2...dxc4. 1.d4 d5 2.c4 dxc4 3.e3 b5 4.a4 c6 5.axb5 cxb5 6.Qf3, rúùkù a8 wà lójú ayaba, nǹkan kan gbọ́dọ̀ lọ.

Pọ́ọ̀nù_Kékeré

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní London ńkọ́? Gbogbo ènìyàn ló ń ta á.

Bàbá Ọpọ́n

Ta á bó bá wù ọ́: Bf4, e3, c3, Nbd2, Nf3, Bd3, tí Dúdú ò bá ti dí ọ lọ́wọ́. Fi h3 sí i kí ẹṣin h5 má baà gba bíṣọ́ọ̀bù f4 lọ́wọ́ rẹ, ó nílò ilé h2. Tí ...c5 àti ...Qb6 bá dé láti jẹ b2, Qb3 ni. Tó bá ta ...c4, Qc2. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀. Ó kàn ń sú mi ni.

Adájọ́_Aago

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aago, torí àwọn tó ń pàdánù níbẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń pàdánù ní c5 lọ.

Lójú òfin FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, rápíìdì ni eré tó ju ìṣẹ́jú 10 lọ tí kò sì tó 60 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀: àkókò ìbẹ̀rẹ̀, kí o wá fi àfikún ìgbésẹ̀ 60 kún un. 15+10 jẹ́ ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 600, ó jẹ́ 25. Ti Elista, 25+10, jẹ́ 35.

Kò di dandan kí o kọ ìgbésẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ kọ ọ́, o lè ní kí adájọ́ fún ọ ní ìwé ìkọ̀wé.

Ọwọ́ tí o fi gbé ọmọ orí ọpọ́n ni kí o fi tẹ aago. Àwọn tó ń fi ọ̀tún gbé tí wọ́n sì ń fi òsì tẹ̀ ẹ́, adájọ́ ń wò yín.

Ìgbésẹ̀ tí kò bófin mu, tí o sì ti tẹ aago lé e: ẹ̀ẹ̀kan, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kejì rẹ. Ẹ̀ẹ̀kejì, eré ti parí, o pàdánù, àyàfi tí ẹnì kejì kò bá ní ohun tó lè fi pa ọba rẹ láé.

Ẹ wá gbọ́ èyí, torí 48.b8=Q tí Ẹṣin_f3 kọ sókè. Tí pọ́ọ̀nù bá dé ilé ìkẹyìn, gbé e kúrò, gbé ayaba síbẹ̀, kí o tó tẹ aago. Bí o bá fi pọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbẹ̀ tí o tẹ aago, ìgbésẹ̀ tí kò bófin mu ni, wọ́n á fi ayaba dípò rẹ̀, ìyà á sì tún jẹ ọ́. Rúùkù tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, rúùkù ni. Bí ayaba kò bá sí nítòsí, dá aago dúró kí o pe adájọ́, o ní ẹ̀tọ́ sí i.

Onílé64

Adájọ́, èyí wúlò púpọ̀. Báwo lẹ ṣe rò pé ó yẹ kéèyàn pín ìṣẹ́jú 15 yẹn?

Adájọ́_Aago

Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ẹ bi ÌyáAyò.

ÌyáAyò

Ìṣẹ́jú 12 ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 10. Mẹ́ta ṣẹ́ kù, ó kéré tán, ní ìgbésẹ̀ 30. Ẹni tó bá ti wà lábẹ́ ìṣẹ́jú kan ní 25, ìṣẹ́jú-àáyá 10 àfikún yẹn ló fi ń mí, ìyẹn sì tó láti ta ìgbésẹ̀ kan, kò tó láti wo èyí tí ẹnì kejì máa fi dáhùn. Ibi tí mo ti máa ń ní kí wọ́n náwó aago sí ni ìgbà tí ayaba ń kúrò lórí ọpọ́n. 16.Qxd8+ kì í ṣe ìgbésẹ̀ tí a ń ta láìronú, torí lẹ́yìn rẹ̀ ni a ti mọ rúùkù ta ló ti jáde àti ta ló wà nílé.

Onílé64, bí o bá fẹ́ fi dánra wò: gbé ọpọ́n tí Ẹṣin_f3 kọ sókè yẹn kalẹ̀ lẹ́yìn 44.Ke3, Dúdú ló ń bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ẹ máa pààrọ̀ ihà. Rxc5 nìkan ni kò sí láàyè.

Onílé64

A ti ta méjì pẹ̀lú Pọ́ọ̀nù_Kékeré lórí Lichess, ojúlé ṣẹ́ẹ̀sì orí ayélujára. Dúdú di ọ̀kan mú sí ọ̀mì pẹ̀lú 44...e5, wọ́n jẹ Dúdú nínú ìkejì, níbi tí ó ti gbé rúùkù a7 kúrò láti lọ jẹ pọ́ọ̀nù g2.

Bàbá Ọpọ́n

Ó gbé rúùkù a7 kúrò? Ta ló wá dá a6 dúró?

Pọ́ọ̀nù_Kékeré

Kò sí ẹnì kankan, bàbá. Ó di ayaba.